Ṣé dandan ni kí n fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì?

Ìbéèrè:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ti wá, Houston la ń gbé báyìí, a ò tíì pé ọdún kan. Lọ́jọ́ ìbí mi, ọkọ mi gbé mi lọ jẹun. Oúnjẹ wa jẹ́ dọ́là 64, owó-orí gun orí ẹ̀, ó di 69.28. A san án pé, a ò fi tip sílẹ̀, ìyẹn owó tí oníbàárà ń fi kún un fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá, a dìde. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ fún wa sáré bá wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé nǹkan kan wà tí òun ṣe tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni. Ojú tì mí gan-an. Ọkọ mi ní kò sí ohun tó yẹ kó tì mí lójú, pé ẹni tó gba ọmọ náà síṣẹ́ ló yẹ kó sanwó fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ mi fúnra wọn ti ń fi mọ́tò gbé oúnjẹ kiri báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ráhùn pé àwọn oníbàárà kì í fún àwọn ní tip. Ẹ̀gbọ́n mi ní London ní ẹnikẹ́ni ò lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Àǹtí, èwo ni ká ṣe? Ibo ló ti di dandan, ibo ni kò ti rí bẹ́ẹ̀, eélòó sì ni?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, kú ọjọ́ ìbí, àṣèyíṣàmọ́dún o. Òótọ́ ni ọkọ rẹ sọ: ẹni tó gba ènìyàn síṣẹ́ ló yẹ kó sanwó fún un. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gba onílé oúnjẹ láyè kó má san owó náà pé, kó sì ti ìyókù sí ìwọ tó wá jẹun lọ́rùn. Nítorí náà, ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá ènìyàn níbi tó jókòó sí, nílùú tí à ń gbé yìí, tip kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ilé oúnjẹ ṣe ìwé owó òṣìṣẹ́ àti owó-orí wọn, ohun tí mò ń rí nínú ìwé wọn ni màá sì fi dá ọ lóhùn.

Owó tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan jẹ́ dọ́là 7.25, láti ọdún 2009 ló sì ti wà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ ẹni náà bá jẹ́ èyí tó máa ń mú tip tó ju dọ́là 30 wọlé lóṣù, ọ̀gá rẹ̀ lè san dọ́là 2.13 péré fún un ní wákàtí. Láti ọdún 1991 ni 2.13 yìí ti dúró sójú kan. Owó ilé gòkè, owó ẹyin gòkè, owó epo gòkè, òun ò kúrò níbi tó wà. Ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí Houston wà, kò sì fi nǹkan kan kún un. Òfin ní bí 2.13 àti tip bá parapọ̀ tí kò tó 7.25, kí ọ̀gá fi èyí tó kù kún un. Orí ìwé nìyẹn. Ọmọ tó bá ń lọ bá máníjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kí wọ́n fi kún owó òun, mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù láìsọ ìdí.

Jẹ́ kí n fi irú ìwé owó iṣẹ́ tí mò ń ṣe hàn ọ́. Agbóúnjẹ kan ṣiṣẹ́ wákàtí 38 lọ́sẹ̀ kan. 2.13 lọ́nà 38 jẹ́ dọ́là 80.94, gbogbo ohun tí ilé oúnjẹ máa san fún un nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gba tip dọ́là 460. Bí a bá fẹ́ yọ owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìtọ́jú ìlera arúgbó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà, kì í ṣe orí 80.94 nìkan la ti ń ṣírò rẹ̀, orí àpapọ̀ méjèèjì ni, ìyẹn 540.94. Ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 41.38. Inú 80.94 yẹn náà la sì ti máa yọ ọ́, nítorí tip ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ku 39.56. Owó-orí ìjọba àpapọ̀ ò tíì jáde níbẹ̀ o. Bó bá tún ń san owó ìnṣọ́ránsì ìlera, ṣẹ́ẹ̀kì tí màá tẹ̀ jáde fún un lè ku dọ́là díẹ̀, ó sì lè jẹ́ òdo. Mo ti tẹ ṣẹ́ẹ̀kì òdo fún ẹni tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀. Dọ́là 460 tí àwọn oníbàárà fi sílẹ̀ yẹn ni owó iṣẹ́ rẹ̀, òun ló fi ń san owó ilé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í mọ̀. Ní ilé oúnjẹ púpọ̀, agbóúnjẹ máa ń pín nínú owó rẹ̀ fún ẹni tó ń kó àwo kúrò lórí tábìlì àti ẹni tó ń po ọtí. Orí iye oúnjẹ tó tà ni wọ́n sábà máa ń gbé ìpín náà lé, kì í ṣe orí tip tó gbà. Ká ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni, dọ́là 2.56 ni ti orí 64 tí ẹ jẹ. Bí ẹ ò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló ti máa mú 2.56 yẹn jáde. Ó sanwó kó tó gbé oúnjẹ fún yín nìyẹn. Mi ò sọ pé ó dáa kó lé oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n lè lé òun náà kúrò níṣẹ́ nítorí rẹ̀. Àmọ́ má rò pé ó kàn ń wá ìjà. Bó bá wù ẹ́, padà síbẹ̀, béèrè rẹ̀, kí o fi dọ́là 12 lé e lọ́wọ́, kí o ní o ò mọ̀ ni. Inú rẹ̀ á dùn, ọkàn tìrẹ náà á sì balẹ̀.

Ọkọ rẹ lè béèrè pé ta ló gbé irú nǹkan báyìí kalẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kan àwa adúláwọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ yìí parí ní 1865 tí àwọn ẹrú di òmìnira, ilé iṣẹ́ Pullman, tó ni àwọn ọkọ̀ ojú irin tí èrò ń sùn nínú wọn, gba àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú síṣẹ́. Wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gbé ẹrù, wọ́n ń nu bàtà àwọn èrò lóru. Owó tí Pullman ń san fún wọn kéré débi pé ohun tí èrò bá fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn èrò ò béèrè orúkọ wọn. “George” ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, orúkọ ọ̀gá wọn George Pullman, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú tẹ́lẹ̀. Ní 1925 wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph ni olórí wọn, wọ́n jà títí di 1937 kí Pullman tó bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1938, ni òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ jáde, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì ni kò sì kàn. Ó di 1966 kí wọ́n tó mú wọn wọ inú rẹ̀, inú àtúnṣe yẹn náà ni wọ́n sì ti fún ọ̀gá láyè láti fi tip dí apá kan owó iṣẹ́.

Mo fẹ́ kí wọ́n pa 2.13 yẹn rẹ́. Ó ṣeé ṣe: ìpínlẹ̀ méje, California, Oregon, Washington, Nevada, Montana, Minnesota àti Alaska, ni ọ̀gá ti gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà pé kí tip tó dé, àwọn ènìyàn sì ń jẹun níbẹ̀. Àmọ́ bí a bá há owó mọ́ ọmọ tó gbé oúnjẹ wá nítorí pé òfin burú, òfin ò ní gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ yẹn nìkan ló máa jìyà rẹ̀. Aṣòfin ni kí ọkọ rẹ kọ̀wé sí.

Eélòó wá ni? Ní ilé oúnjẹ tí ẹ ti jókòó, 15% ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, 18% sí 20% ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún báyìí ní ìlú ńlá. Orí owó oúnjẹ ni kí o ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí èyí tí owó-orí ti wọ̀. Mú ìdá kan nínú mẹ́wàá 64, ó jẹ́ 6.40. Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 12.80, 20% nìyẹn. Bó bá jẹ́ 15% lo fẹ́, mú 6.40 àti ìdajì rẹ̀, 9.60. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé wá sórí tábìlì máa ń ṣírò tirẹ̀ lórí 69.28, á wá kọ 13.86 síwájú rẹ pé 20% ni. Tẹ ibi tí ènìyàn ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó fẹ́. Bó bá jẹ́ bébà ni wọ́n gbé wá, kọ 12.80 sórí ìlà tip, kọ 82.08 sórí ìlà àpapọ̀, kí o tó fọwọ́ sí i. Má fi ìlà tip sílẹ̀ lófìfo láé. Bó bá jẹ́ owó ọwọ́ lo fẹ́ fún un, kọ “cash” síbẹ̀. Bí o bá yẹ áàpù báńkì rẹ wò lálẹ́ ọjọ́ náà, o lè rí 69.28, tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ó di 82.08. Ẹnikẹ́ni ò jà ọ́ lólè, tip tí o kọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Kí o tó kọ ohunkóhun ṣá, ka rìsíìtì náà dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá pọ̀, ẹni mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé oúnjẹ púpọ̀ ti máa ń fi 18% sí i fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tiwa níhìn-ín, níbi tí à ń lọ jẹ àmàlà àti ẹja yíyan, ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kódà bó o bá dá lọ. “Gratuity” ni wọ́n máa ń kọ, ìgbà mìíràn “service charge”. Bí o bá ti rí i, o ti san án, má san án lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ owó tí ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ fi lé bíìlì, owó ilé oúnjẹ ni lójú òfin owó-orí, ọwọ́ ọ̀gá ló wà bóyá á dé ọ̀dọ̀ agbóúnjẹ. Fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bi ọmọ náà bóyá owó yẹn ń dé ọwọ́ rẹ̀. Tip tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ fún un yàtọ̀, tirẹ̀ ni. Láti 2018 ni òfin ti sọ ọ́ gbangba pé onílé oúnjẹ, máníjà àti alábòójútó ò gbọ́dọ̀ mú nínú rẹ̀. Mo ń sọ èyí fún àwọn ènìyàn wa tó ní ilé oúnjẹ pẹ̀lú, nítorí àwọn kan wà tó ń da tip àwọn ọmọ sínú àpò ara wọn, wọ́n ní àwọn làwọn ni ṣọ́ọ̀bù. Olè ni, bó ti wù kí wọ́n pè é.

Wọ́n máa ń sọ pé adúláwọ̀ kì í fi tip sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn agbóúnjẹ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí wa tí a wọlé, wọ́n ti pinnu pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á fi wá sílẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìwà burúkú ni, bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, pe máníjà kí o sọ ọ́ lójú ẹni tó ṣe é. Má kàn dákẹ́ kí o lọ kọ òdo sórí bébà, nítorí òdo ò ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n á kàn ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí oúnjẹ bá sì pẹ́ tàbí tó tutù, ilé ìdáná ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe ẹni tó gbé e wá.

Àwa Yorùbá kì í sì í ṣe ahun. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó wá wo òde ìnáwó ní gbọ̀ngàn kan ní Houston níbí lálẹ́ Sátidé, bí a ṣe ń lẹ dọ́là mọ́ olórin níwájú orí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà, àwọn ọmọ tó ń gbé ìrẹsì káàkiri títí di aago méjì òru máa ń lọ sílé láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Olórin á fi oríkì san tiwa padà lójú agbo, ọmọ tó ń gbé àwo ò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo tún mọ ibi tó ti ń le fún wa. Lọ́jà Bódìjà, ẹni tó ń tà ló ń bu èènì fún ẹni tó ń rà, bí kò bá bù ú a ó bá a jà. Níbí, ẹni tó ń rà ló ń fi kún un. Kò lè ṣe kó má dà bí ìrẹ́jẹ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àwọn ẹ̀rọ orí káńtà ńkọ́? Níbi tí o ti dúró ra kọfí tàbí búrẹ́dì, tí wọ́n yí ojú ẹ̀rọ sí ọ tó ń béèrè 18, 20, 25? Kò sí dandan níbẹ̀. Wọn kì í sábà fi àwọn yẹn sí 2.13. Tẹ “No tip”, kí o kí ọmọ náà dáadáa, kí o máa lọ. Bí ó bá ṣe ju ohun tó yẹ lọ fún ẹ, fi dọ́là kan sílẹ̀. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń bá a béèrè, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀: dọ́là 2 sí 5 lójúmọ́, fi sórí tábìlì láràárọ̀, torí ẹni tó wá lónìí lè má jẹ́ ẹni ọ̀la.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dirun fún wa, mo ní ẹjọ́ láti rò níbẹ̀. Ẹni tó dirun fún ọ kọ́ ló sábà ń ni ṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù á mú tirẹ̀ nínú owó kó tó fún un ní ìyókù. A óò ná owó náà wá sílẹ̀ láti 220 sí 180, ọmọbìnrin á dúró sórí wa fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, ìka á máa ro ó, a óò san 180 géérégé, a óò dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì la gé owó rẹ̀ yẹn. Bí o bá ti ná an, má há tip mọ́ ọn. Fi dọ́là 20 tàbí 30 sí i lọ́wọ́, òun gan-an ni kí o fún, má fi sórí káńtà.

Àwọn kan wà tí o ò gbọ́dọ̀ fún ní kọ́bọ̀. Ọlọ́pàá tó dá mọ́tò rẹ dúró, òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú, ẹni tó ń dán yín wò fún ìwé awakọ̀. Nílé, a lè fún ọlọ́pàá ní “owó omi” ká sì máa rẹ́rìn-ín lọ, níbí ẹ̀wọ̀n lo ń ná owó rẹ̀ sí. Rìbá ni, bó ṣe wù kí ọkàn rẹ mọ́ tó. Ẹni tó ń mú lẹ́tà wá, òfin gbà á láyè láti gba ẹ̀bùn tí kò ju dọ́là 20 lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ owó. Nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ wa ni, ilé iṣẹ́ wọn sábà máa ń kà á léèwọ̀ fún wọn láti gba owó. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe wọ́n lóore, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá wọn kí ẹ dárúkọ wọn síbẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń bá wọn gba ìgbéga.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní London ò parọ́, òfin tibẹ̀ ló yàtọ̀. Láti oṣù kẹwàá 2009 ni tip ò ti gbọ́dọ̀ wọ inú owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Britain, ọ̀gá gbọ́dọ̀ san án pé. Pọ́n-ùn 12.21 ni fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 láti oṣù kẹrin 2025 títí di oṣù kẹta 2026. Ilé oúnjẹ púpọ̀ ní London máa ń fi 12.5% sínú bíìlì, wọ́n á sì kọ ọ́ pé kì í ṣe dandan. Òótọ́ ni pé kì í ṣe dandan, o lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, òfin ti ní kí gbogbo owó yẹn dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá yọ nǹkan kan fún ara rẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa, kò sí ìdí tó fi yẹ kó pe máníjà torí rẹ̀. Brazil náà jọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lọ kí àwọn ènìyàn wa ní Salvador, 10% lẹ máa rí lórí bíìlì, ẹ lè san án, ẹ sì lè má san án, kò sì sí ẹni tó ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ti ọkọ rẹ. Bó ṣe ń dun ọmọ ẹyẹ ló ń dun ọmọ ènìyàn, ohun tó ń ṣe é lójú pópó ló ṣe ọmọbìnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Tirẹ̀ tilẹ̀ le jù, nítorí lójú òfin kò ní ọ̀gá: kò sí 7.25 fún un ní Texas, òun ló ń ra epo, òun ló ń pààrọ̀ táyà. Nítorí náà bí ẹ̀yin náà bá pàṣẹ oúnjẹ kí wọ́n gbé e wá sílé, ẹ fi dọ́là 4 tàbí 5 sí i nínú áàpù kí ẹ tó fi àṣẹ náà ránṣẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí ibi tó jìnnà ni, kó jù bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ máa ń rí iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kó tó gbà á, oúnjẹ tí kò ní tip ló sábà ń tutù nílẹ̀.

Kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀ láti òní lọ. Láti ọdún 2025 títí dé 2028, òfin tuntun gba ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ láyè láti yọ tip tó tó dọ́là 25,000 lọ́dún kúrò nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ máa gba owó-orí lé, bí kò bá ju èrè tó jẹ nínú iṣẹ́ náà lọ. Àmọ́ owó Social Security àti Medicare ṣì wà lórí rẹ̀ o, 15.3% fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ń kó sí gbèsè nítorí wọ́n ní ìjọba ti fagi lé owó-orí lórí tip. Máìlì tó bá wà fún iṣẹ́ ló máa gbà á sílẹ̀: fún ọdún 2025, 70 sẹ́ńtì ni wọ́n yọ lórí máìlì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú owó tí wọ́n gba owó-orí lé. Kó ra ìwé kékeré kan sínú mọ́tò, kó máa kọ ọjọ́, máìlì tó fi jáde, máìlì tó fi wọlé, àti tip owó ọwọ́ tó gbà, nítorí èyí tó wà nínú áàpù nìkan ni áàpù mọ̀. Kí ìwé náà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín ṣe owó-orí kí oṣù kẹta tó parí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ni gbèdéke.